Ọ̀pẹ Orí Tábìlì Ogun: Bí A Ṣe Lè Ṣe É Kó Jọ Ọ̀pẹ Lóòótọ́

Ẹ wo igi méjì tó wà níwájú mi yìí. Èyí tó wà lápá òsì, ike ni. Ewé rẹ̀ ń dán yinrin bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, wáyà, bébà àti gáàmù ni mo fi ṣe é. Bí mo bá gbé ọmọ ogun kékeré kan sábẹ́ ti òsì, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó ń sọ́ kéèkì ọjọ́ ìbí. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí orí kéèkì gan-an ni wọ́n ṣe igi yẹn fún.

Igi ọ̀pẹ fún tábìlì eré ogun, ìyẹn eré tí a ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jà lórí tábìlì, la fẹ́ sọ lónìí: ibi tí a ti lè rí i, àti bí a ṣe lè fọwọ́ ara wa ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì, irú ọ̀pẹ wo lẹ ń wá? Lára páálí tí wọ́n fi ń tà wọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́: palm tree. Èdè tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbọn lọ́tọ̀, dàbínù lọ́tọ̀, ògùrọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pẹ elépo lọ́tọ̀. Ojú tí èdè wa fi ń wo igi yìí, òun náà ni kí ẹ fi wo tábìlì yín.

Bí ogun yín bá jẹ́ ti aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, ìbáà ṣe ti Napoleon ní Íjíbítì lọ́dún 1798, ìbáà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì lọ́dún 1942, igi dàbínù ló yẹ ibẹ̀. Ó nípọn, ó dúró ṣánṣán, kùkùté imọ̀ àtijọ́ sì kún ara rẹ̀ láti ìdí dókè. Bó bá jẹ́ ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni, àgbọn lẹ ń wá. Àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ wú díẹ̀, òrùka òrùka yí ara rẹ̀ ká, ó sì sábà máa ń tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ní Tarawa, ní àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì yẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, ìtì àgbọn àti iyanrìn làwọn ọmọ ogun Jàpáánì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ibùba wọn. Nígbà tí ìbọn ńlá àti bọ́ǹbù Amẹ́ríkà fi máa dákẹ́, ọ̀pọ̀ igi tó ṣì wà ní ìdúró ò lórí mọ́. Ọ̀pẹ kì í sọ ẹ̀ka bí ìrókò. Orí kan ló ní. Bí orí yẹn bá ti lọ, ìtì náà kú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ja ogun Tarawa, ìdajì iṣẹ́ yín ti tán: ẹ máa ṣe igi aláìlórí lọ ní tiyín.

Ó ku gíga. Ọmọ ogun mìlímítà 28 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 56 ènìyàn gidi. Àgbọn tó ga ní mítà 20 á wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Apá mi ń kọlù ú ní gbogbo ìgbà, ó sì ń wó lu àwọn ọmọ ogun mi ju bí ọ̀tá ṣe ń pa wọ́n lọ. Ní báyìí, mi ò kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 18, ìyẹn igi mítà 10, mo sì máa ń ṣe àwọn kan ní 12 tàbí 15 kí wọ́n má baà rí bí ìbejì.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá a níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ kéèkì, ohun ìṣeré ọmọdé, tàbí ewéko oníke tí wọ́n ń kó sínú àpótí ẹja, èyí onígíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja nínú ilé. Ti àpótí ẹja ni mo fẹ́ràn jù, torí ewé rẹ̀ máa ń dára, bí ìtì rẹ̀ tiẹ̀ burú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ ri ìtì rẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín, kí ẹ sì tètè tì í bọ omi tútù kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ike tó bá rọ̀ máa ń bó ọ̀dà dànù, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi gáàmù funfun pa á lára.

Èyí tí a fọwọ́ ṣe ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ lọ́ wáyà mẹ́ta pọ̀, kí ẹ ya ìdí wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ àdògán kó lè dúró. Ẹ la téèpù oníbébà sí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìkan máa gun èkejì lẹ́yìn díẹ̀. Etí téèpù yẹn fúnra rẹ̀ ló máa di òrùka àgbọn. Fún dàbínù, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí téèpù náà bí eyín ayùn, kí ẹ wé e láti òkè wá sílẹ̀, kí eyín náà kọjú sókè. Gáàmù funfun ló máa mú gbogbo rẹ̀ le.

Imọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń lo ìyẹ́ ẹyẹ, torí ọ̀pá wà láàárín rẹ̀, irun sì wà lọ́tùn-ún lósì, gẹ́gẹ́ bí imọ̀ gan-an. Ó yára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èémí lásán á máa mì í, eruku á sì bò ó. Bébà ni tèmi: wáyà tín-ín-rín láàárín bébà méjì tí a fi gáàmù lẹ̀ pọ̀, tí a gé bí ewé gígùn, tó tó sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́sàn-án. Ẹ wá máa fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wínníwínní ní ìdagun, kó dojú kọ ṣóńṣó. Ẹ má jẹ́ kó kan wáyà o.

Ibi tí ọ̀pọ̀ igi ti bàjẹ́ rèé: gbogbo imọ̀ á tẹ́ bákan náà bí agbòòrùn. Ẹ̀yin náà mọ màrìwò tó ní òun yóò kan ọ̀run, tí wọ́n ní àwọn aṣáájú rẹ̀ ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Bí a ṣe ń to orí ọ̀pẹ gan-an nìyẹn. Ẹ mú imọ̀ bíi méjìlá. Mẹ́ta tó kéré jù á nà sókè, wọ́n ṣì ń lá àlá ọ̀run. Márùn-ún tó tẹ̀ lé wọn á tẹ́ síta. Àwọn tó kù, àwọn àgbà, á wálẹ̀, wọ́n á fara ti ìtì.

Ọ̀dà náà á tẹ̀ lé ọjọ́ orí wọn: àwọ̀ ewé tó mọ́ fún ọ̀dọ́, èyí tó dúdú díẹ̀ fún àárín, àwọ̀ koríko gbígbẹ fún àgbà. Ìtì kì í ṣe pákó o. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni kí ẹ fi kùn ún, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa àwọ̀ tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá lórí òrùka náà.

Ẹ lẹ ìdí igi mọ́ wọ́ṣà onírin kó má baà ṣubú. Kí ẹ sì bá alátakò yín ṣàdéhùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ìtì ọ̀pẹ kò lè bo ọmọ ogun kankan lójú ọ̀tá. Bí ẹ bá fẹ́ ibi ìfarapamọ́, igbó kékeré ni kí ẹ gbìn sídìí rẹ̀.

Gáàmù orí ìtì tèmi ti gbẹ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n bu ọ̀dà, ká jọ kun ún.