Packet Rédíò Lórí Kọ̀ǹpútà DOS: Nígbà Tí "cmd:" Bá Di "cφΣ:"

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Packet rédíò ni kí kọ̀ǹpútà máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn lórí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn jáde níbi tí ẹ jù ú sí. 386 ni, 286 ni, XT ni, ó tó. Gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún un ò ju pé kó gba lẹ́tà lẹ́nu ihò serial, kó sì tò ó sójú gíláàsì.

Mo gbà pé ẹ ti gba ìwé àṣẹ ham, rédíò 2 mítà yín ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ DOS. Mi ò ní padà sórí ìyẹn. TNC-2 ni a máa lò, àpótí tó ń wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò, èyí tí ẹgbẹ́ TAPR ní Tucson, ní Arizona, gbé jáde ní 1985, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ṣe irú rẹ̀ tà. Z80 ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń ru gbogbo ẹrù AX.25, òfin tí packet ń tẹ̀lé. Ó ń di ọ̀rọ̀ yín sínú packet, ó ń sọ ọ́ di ohùn 1200 Hz àti 2200 Hz, ó sì ń tẹ PTT (bọ́tìnì tí a fi ń sọ̀rọ̀ jáde lórí rédíò) fúnra rẹ̀.

Okùn ńkọ́? Ẹ má ra null modem, okùn tí wáyà rẹ̀ kọjá ara wọn. Mo ní Ẹ MÁ RA NULL MODEM! Okùn tààrà ni TNC ń fẹ́, bíi ti modem. Ohun tó ń da orí àwọn èèyàn rú ni pé ihò ara kọ̀ǹpútà ní ẹsẹ̀ 9, ti TNC-2 ní 25, nọ́ńbà wọn ò sì bára mu. 2 lọ sí 3, 3 lọ sí 2, 5 lọ sí 7. Ó jọ pé wáyà kọjá ara wọn, àbí? Wọn ò kọjá o. Ẹsẹ̀ 2 lára kọ̀ǹpútà ni dátà ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ 3 lára TNC ló sì ti ń jáde. Ẹ tún so 7 mọ́ 4, 8 mọ́ 5, 6 mọ́ 6. Ẹ má ṣe ọ̀lẹ lórí mẹ́ta ìkẹyìn yìí, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹ bá ń lo mouse oní-serial ní COM1, ẹ má fi TNC sí COM3. IRQ4 kan náà, ọ̀nà tí ihò fi ń pe kọ̀ǹpútà, ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹ óò kàn rí i pé mouse mì díẹ̀, gbogbo nǹkan dúró gbári. COM2 ni kí ẹ fi í sí.

Ó yá, ẹ ṣí Telix tàbí Procomm, àwọn ètò terminal tó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ihò serial. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín láti ṣí Graphic Packet, ètò DOS tí wọ́n ṣe fún packet gan-an. Ẹ ní sùúrù! Terminal lásán ni a kọ́kọ́ fẹ́.

Ẹ yí TNC padà, ẹ wo àwọn súwíìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn. Nínú àwọn tó ń yan ìyára láàárín TNC àti kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó wà ní ON. Ẹ mú 4800. Orí afẹ́fẹ́, 1200 náà ni, kí wá ni XT fẹ́ fi eré púpọ̀ ṣe? Ẹ pa TNC kí ẹ tó yí súwíìṣì, kí ẹ tún un tàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú la dé yìí. Ẹ tan TNC, ẹ retí "cmd:", ọ̀rọ̀ tí TNC fi ń sọ pé òun ń dúró de àṣẹ, ohun tó yọ sójú sì ni "cφΣ:". Ọ̀pọ̀ á ti máa tú rédíò. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ FI RÉDÍÒ SÍLẸ̀! Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. "c" pé, àmì ìkẹyìn náà pé, "m" àti "d" nìkan ló yíwọ́. TNC-2 tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ kàn máa ń sọ̀rọ̀ ní 7E1: bit méje, parity èjì-èjì (bit àyẹ̀wò kan tó ń mú kí iye àwọn 1 ṣeé pín sí méjì). Telix ń gbọ́ ní 8N1: bit mẹ́jọ, láìsí parity. "c" ní bit mẹ́rin tó wà ní 1, ó ti jẹ́ èjì-èjì, nítorí náà parity rẹ̀ jẹ́ 0, kò sí ohun tó ṣe é. "m" ní márùn-ún, parity di 1, Telix sì ka 1 yẹn mọ́ lẹ́tà náà: 6D di ED, èyí tó jẹ́ φ nínú lẹ́tà DOS. "d" ní mẹ́ta, 64 di E4, ó di Σ. Àfi bí ìgbà tí ìyá oní-gàrí fi kóńgò kan wọ̀n, tí oníbàárà délé tó fi kóńgò mìíràn tún un wọ̀n. Gàrí ò dín, kóńgò ni kò bára mu.

Nítorí náà, bí lẹ́tà kan bá pé tí òmíràn bàjẹ́, parity ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú pátápátá, tí kò sí ẹyọ kan tó ṣeé kà, ìyára ni, ẹ padà sídìí súwíìṣì.

Ẹ tẹ Alt-P, ẹ mú 7E1. "cmd:" á yọ kedere. Ẹ wá kọ èyí, kí TNC náà lè di bit mẹ́jọ láìsí parity:

AWLEN 8
PARITY 0
RESTART

RESTART yẹn ni àwọn èèyàn ń fò. Láìsí RESTART, kò sí ohun tó yí padà! Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ dá Telix padà sí 8N1. Bí ẹ bá pa TNC tí ẹ tún tàn án tó sì ti gbàgbé, bátìrì inú rẹ̀ ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. (Ẹ wo bátìrì ara kọ̀ǹpútà náà. Tí bátìrì orí bọ́ọ̀dù 386 bá ti ń da omi, ẹ yọ ọ́ lónìí, torí ó ń jẹ wáyà bọ́ọ̀dù.)

Ẹ̀yin tí ẹ ra TNC lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó dákẹ́ lọ fáú, ẹ má sọ pé ó ti kú. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú KISS, ipò tí TNC kì í ti gbé "cmd:" jáde. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti fi í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ètò kan tó ń jẹ́ NOS, níbi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń ṣe AX.25, bátìrì sì ti rántí bẹ́ẹ̀. Bí iná CON àti STA bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ẹ tàn án, KISS ni. Báìtì mẹ́ta ló ń yọ ọ́: 192, 255, 192. Ní DOS, ẹ ṣí DEBUG:

E 100 C0 FF C0
RCX
3
N KISSOFF.BIN
W
Q

Lẹ́yìn náà:

MODE COM2:4800,N,8,1
COPY /B KISSOFF.BIN COM2

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bit MẸ́JỌ! Ní bit méje, 192 á di 64, "@" lásán lẹ fi ránṣẹ́, TNC ò sì ní dá yín lóhùn. Bí COPY bá takú, okùn yín ò ní ju wáyà mẹ́ta lọ: BIOS ń dúró de CTS àti DSR, àmì tí TNC fi ń sọ pé òun ti ṣetán. Ẹ rántí 8 mọ́ 5 àti 6 mọ́ 6. Bí KISS bá wá jáde tí "cφΣ:" yọ, ẹ má bínú, AWLEN ṣì wà ní 7. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ìyókù rọrùn. MYCALL, kí ẹ kọ àmì ìpè yín. MONITOR ON, kí ẹ máa wo ohun tó ń kọjá. Bí ẹ bá ń rí "ccoonnnneecctt", ẹ pa echo ti Telix, torí TNC náà ń ṣe é. TXDELAY 30 túmọ̀ sí 300 mílísẹ́kọ́ǹdù. Rédíò tó ń pẹ́ kó tó jáde ń fẹ́ 40 tàbí 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí packet á gé, ẹni tó wà lódì kejì ò ní ka nǹkan kan. Bí ẹ bá ti connect, Ctrl-C ló ń dá yín padà sí "cmd:".

Ó wá ku Graphic Packet tí ẹ ti ń wò tipẹ́. Kò lè bá EPROM ti TAPR (ìyẹn èyí tí ètò TNC wà nínú rẹ̀) sọ̀rọ̀, host mode WA8DED, èdè tí ètò fi ń bá TNC sọ̀rọ̀, ló gbọ́. Ẹ jó The Firmware, ètò TNC ti ẹgbẹ́ NORD><LINK, sórí EPROM 27C256, kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi TNC sínú KISS kí ẹ sì gbé TFKISS, ètò tó ń sọ èdè host mode yẹn fún Graphic Packet, sáàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ pa TNC kí ẹ tó fa EPROM, kí ẹ sì wo ibi tí ìgé kékeré orí rẹ̀ kọjú sí kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́.