Àtẹ́lẹwọ́ ń yún aboyún lóru? Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín, tó jẹ́ pé òru ló ń le jù, ẹ tan iná, kí ẹ wo awọ ara yín dáadáa. Ṣé nǹkan sú síbẹ̀? Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan ju ojú ibi tí èékánná ti họ, ẹ má tíì lọ ra ọṣẹ, ẹ má tíì lọ ra ìpara. Àwa tí à ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ yìí, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá ni.

Cholestasis ni àwọn dókítà ń pe ohun tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, omi kíkorò aláwọ̀ ewé tí ẹni tó ń tú adìyẹ máa ń ṣọ́ra kó má bẹ́ sórí ẹran. Inú ìfun ló yẹ kó máa ṣàn lọ, láti bá wa lọ ọ̀rá inú oúnjẹ. Èròjà oyún (hormone) tó pọ̀ lápọ̀jù nígbà tí ìbí ń sún mọ́lé máa ń mú kí ìṣàn yẹn falẹ̀ lára àwọn kan. Gọ́tà ni mo máa ń fi ṣàpèjúwe rẹ̀: bó bá dí lọ́jọ́ òjò, àárín ilé ni omi ń padà sí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi òróòro ń padà sí, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé abẹ́ awọ, ara á máa yún. Ó tún ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Ó dáa. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ dé ilé ìwòsàn, ẹ ní ara ń yún yín, wọ́n ní kí ẹ ṣe LFT, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀. Èsì jáde, ó dára, ẹ padà sílé. Kò tíì parí! LFT ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara pa ni, kò wọn omi òróòro tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bile acids lorúkọ àyẹ̀wò tó ń wọn ìyẹn. BILE ACIDS. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù láàbù mọ́ LFT. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, kò nílò ààwẹ̀.

Bí bile acids náà bá tún dára ńkọ́? Ara lè ti máa yún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá ṣì ń yún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, Ẹ TÚN UN ṢE. Mo ní ẹ tún un ṣe!

Nọ́ńbà bile acids wá dé. Ní micromol/L, ìwọ̀n tí láàbù ń lò, ìlànà ọdún 2022 ti RCOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé 19 sí 39 kò le, a lè dúró títí di ọ̀sẹ̀ 40. Bó bá jẹ́ 40 sí 99, ọ̀sẹ̀ 38 sí 39 ni kí wọ́n gbẹ̀bí. Bó bá wọ 100 sókè, ọ̀sẹ̀ 35 sí 36 ni, nítorí níbẹ̀ ni ewu kí ọmọ kú sínú ti ń lé ní 3 nínú 100. Àkókò ìbí ló ń dáàbò bo ọmọ. Ursodeoxycholic acid tí wọ́n ń kọ fún aboyún, ìwádìí PITCHES ti ọdún 2019 fi hàn pé díẹ̀ ló ń dín yíyún kù, kò sì yí ọ̀rọ̀ ọmọ padà. Omi tútù, aṣọ òwú tó fẹ̀, ìpara aqueous tó ní menthol, ìwọ̀nyí á mára tuni díẹ̀. Àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀? Rárá o! Ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ẹ má tún di ẹrù lé e.

Bí ìgbẹ́ bá ń funfun, tó ń yọ ọ̀rá, ẹ sọ fún dókítà, bóyá ẹ nílò fítámì K kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dì bó ṣe yẹ. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, tàbí tí ẹ ń bì, tí orí ń fọ́ yín, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn yín, tàbí tí ọmọ kò rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn tó le ju èyí lọ.

Ẹ kú ewu ọmọ. Yíyún sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, ẹ sì lè fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan ṣì kù tí àwọn ìyá ìkókó máa ń gbàgbé: LFT àti bile acids, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta! Ìbímọ fúnra rẹ̀ lè gbé LFT sókè ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ ó kàn já ara yín láyà lásán. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ na apá tiyín náà. Bí kò bá tíì padà sípò nígbà yẹn, àìsàn ẹ̀dọ̀ mìíràn ló lè wà nídìí rẹ̀, kí dókítà ẹ̀dọ̀ wò ó.

Ní ti ìfètò sọ́mọ bíbí, bí oògùn oníhóró tó ní hormone oestrogen bá ti mú ara yún yín rí, ẹ má padà sí i. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ progestogen nìkan, tàbí èyí tí kò ní hormone kankan.

Ó sábà máa ń padà nínú oyún mìíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ LFT àti bile acids lọ́jọ́ náà, kí nọ́ńbà tí a ó fi wọn ti ìparí oyún lè wà nílẹ̀.