Ìwòsàn Jẹjẹrẹ Wà, Ọ̀dọ̀ Ta Ló Ń Dé?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa lábúlé àti láàárín àwọn tálákà, kì í ṣe pé ìwòsàn wọn ò sí láyé. Ó wà. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Ẹ wo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. A mọ kòkòrò HPV tó ń fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà láti 2006, àyẹ̀wò tó ń tú u fó kó tó di jẹjẹrẹ rárá sì wà. Síbẹ̀, nǹkan bí 350,000 obìnrin ló bá a lọ lọ́dún 2022. Ó ń dùn mí wọra.

Ibẹ̀ ni ìwádìí ìmúṣẹ ti wọlé. Kì í wá oògùn tuntun. Ohun tó ń béèrè ni pé: nǹkan tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ńlá, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ níbí? Ta ni kó ṣe é, owó ta sì ni?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun kékeré kan fínnífínní: àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé nínú àpòòwé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ike kékeré ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn á fi igi kan ìgbẹ́, á tì í bọ inú ike, á dé e pa, á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, á fi í ránṣẹ́ padà. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí ni wọ́n ń wá. Ó dára gan-an fún ẹni tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Ṣùgbọ́n bó bá gbàgbé láti kọ ọjọ́, ilé àyẹ̀wò lè dà á nù. Ọjọ́ lásán! Olùwádìí ìmúṣẹ ni yóò ka iye tó bá irú èyí lọ, tí yóò fi àwòrán ṣàlàyé, tí yóò tẹ àwọn èèyàn láago, kó lè mọ èyí tó ń mú àpòòwé padà wá.

Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Dókítà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo inú ìfun. Ìyẹn ń fẹ́ owó ọkọ̀, ẹni tó máa báni lọ, ọjọ́ iṣẹ́ tó máa ṣòfò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Lójú tèmi, ètò tó pín àpòòwé, tí kò ṣètò fún ẹni tí èsì rẹ̀ kò dára, ìpayà ló ń pín kiri.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan ní Harlem, nílùú New York, Harold Freeman, rí i pé àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Nínú 606 tí wọ́n tọ́jú láàárín 1964 sí 1986, ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló lò tó ọdún márùn-ún sí i. Ó mú kí àyẹ̀wò dẹ̀rọ̀. Lọ́dún 1990, ó fi àwọn atọ́nà sẹ́nu iṣẹ́: ẹni tó ń bá aláìsàn kọ fọ́ọ̀mù, tó ń bá a wá ọ̀nà àtisan owó, tó ń pè é bí kò bá yọjú. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú láàárín 1995 sí 2000, ìdá 70 ló lò tó ọdún márùn-ún. Oògùn ti dára sí i nígbà náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn wọn ti wọra kí wọ́n tó dé wálẹ̀ láti ìdá 49 sí ìdá 21, bẹ́ẹ̀ kò sí oògùn tó ń mú èèyàn tètè wá.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni kí owó ìwádìí tán, kí atọ́nà padà sílé. Ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló gbé ẹrù náà: ó sanwó àyẹ̀wò ìfun, ó gba àwọn atọ́nà, ó sì sanwó ìtọ́jú ọdún méjì fún ẹni tí kò ní ìbánigbófò tí wọ́n bá bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Láàárín 2002 sí 2009, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣe àyẹ̀wò kúrò ní ìdá 48, wọ́n di ìdá 74. Iye àwọn aláwọ̀ funfun náà nìyẹn.