Ṣé Lóòótọ́ Ni Ojú Lọ̀rọ̀ Wà?

Ẹ wo ọmọ yìí. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan síwájú rẹ̀, àpótí ṣí lójijì, nǹkan ìṣeré fò jáde láti inú rẹ̀, ọmọ bá figbe ta. Kí lẹ rò pé ó ń ṣe é? Ṣé ẹ̀rù ni àbí ìbínú?

Ẹ má tíì dáhùn. Ní 1976, àwọn olùwádìí méjì, John Condry àti Sandra Condry, fi irú fídíò yìí han àgbàlagbà tó lé ní 200 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọkùnrin lọmọ náà, wọ́n ní obìnrin ni fún àwọn yòókù. Àwọn tó gbọ́ pé ọkùnrin ni, ìbínú ni wọ́n rí jù. Àwọn tó gbọ́ pé obìnrin ni, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á. Ọmọ kan náà, ẹkún kan náà o!

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ ojú nìkan la ó wò, a jẹ́ pé àwọn obìnrin ni nǹkan ń ká lára jù, torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ju ọkùnrin lọ, wọ́n sì ń sunkún jù wọ́n lọ. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó ń lọ nínú ikùn gan-an ni kò rọrùn láti mọ̀.

Ann Kring àti Albert Gordon wá ọgbọ́n kan dá sí i ní 1998. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wo fíìmù: èyí tó ń dẹ́rù bani, èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín, èyí tó ń bani nínú jẹ́. Kámẹ́rà ń wo ojú wọn, ẹ̀rọ kan sì ń díwọ̀n bí ọwọ́ wọn ṣe ń làágùn. Òógùn kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu lè purọ́, ojú lè díbọ́n, àmọ́ ta ló lè pàṣẹ fún òógùn àtẹ́lẹwọ́?

Ojú àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ju tàwọn ọkùnrin lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi kálukú léèrè bí fíìmù náà ṣe rí lára rẹ̀, èsì tọkùnrin tobìnrin ò yàtọ̀. Òógùn ńkọ́? Nínú àwọn fíìmù kan, tàwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù. Bọ̀dá tó jókòó gbagidi bí ère yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Ìgbà wo wá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀? Ní 2013, Tara Chaplin àti Amelia Aldao kó ìwádìí 166 jọ, lórí ọmọdé tó lé ní 21,000. Láàárín àwọn ọmọ ọwọ́, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló ń yọjú, ó sì kéré náà ni. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ nìyí: lọ́dọ̀ òbí, ìyàtọ̀ yẹn máa ń dín kù. Níwájú àgbàlagbà tí wọn ò mọ̀ rí ni ẹ̀rín ọmọbìnrin máa ń pọ̀ sí i, àárín ẹgbẹ́ ni ìbínú ọmọkùnrin sì ti ń hàn jù. Àfi bíi pé wọ́n ti mọ ẹni tó ń wò wọ́n.

N ò sọ pé ara ò lọ́wọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé testosterone, èròjà inú ara tó pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, máa ń jẹ́ kí ẹkún ṣòro fún ọkùnrin. Àmọ́ Ad Vingerhoets, ará Netherlands, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ẹkún ní orílẹ̀-èdè 37, ibi tí owó àti òmìnira pọ̀ sí ni àlàfo tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin ti fẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé ara nìkan ni, kí ló kan owó níbẹ̀?

Ó ku ìbínú. Òun nìkan ni wọ́n fàyè ẹ̀ gba ọkùnrin, àwọn obìnrin sì ń jìyà ẹ̀. Victoria Brescoll àti Eric Uhlmann fi fídíò àwọn tó ń wáṣẹ́ han àwọn èèyàn ní 2008. Ọkùnrin tó bínú níyì lójú wọn. Obìnrin tó bínú, iyì rẹ̀ wálẹ̀, owó oṣù tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un náà wálẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ló bí ọkùnrin nínú. Ti obìnrin, wọ́n ní bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ rántí ọmọ inú fídíò yẹn.

Dókítà pàápàá lè ṣi ojú kà. Ẹkún àti ìbànújẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ìsoríkọ́, obìnrin tí wọ́n sì ń rí tó ní in tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Ní 2013, Lisa Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwọn àmì mìíràn kún un: ìbínú fùfù, ọtí àmujù, fífi ẹ̀mí wewu. Nígbà tí wọ́n kà á tán, iye ọkùnrin àti obìnrin tó ní ìsoríkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.