Kí Ló Sọ Bàbà Di Bàbà?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ wo wáyà iná tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ti bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò, bàbà inú rẹ̀ ló pupa rúsúrúsú yẹn. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì, ká ju ìdajì kan sílẹ̀, ká tún gé èyí tó kù sí méjì. Ṣé títí láé la ó máa gé e lọ báyìí ni? Rárá o. Ká ní a rí ọ̀bẹ tó mú tó bẹ́ẹ̀, tá a bá fi máa gé e nígbà 28, gígùn tó kù kò ní gbà ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Ìgbà 28 péré! Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, ńṣe ni mo tún un ṣe, torí mo rò pé mo ti ṣì í.

Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ tó kéré jù lọ tí bàbà ṣì ń jẹ́ bàbà. Omi, òkúta, afẹ́fẹ́ tá à ń mí, ara èmi àti ẹ̀yin, átọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn.

Láàárín átọ́ọ̀mù bàbà, àwọn ohun tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní pírótọ́ọ̀nù, 29 sì ni wọ́n. Iye yẹn gan-an ló sọ ọ́ di bàbà. Tó bá di 30, síńkì nìyẹn. Tó bá jẹ́ 28, níkẹ́ẹ̀lì ni. Ohun tí gbogbo átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ní iye pírótọ́ọ̀nù kan náà là ń pè ní ẹ́límẹ́ǹtì, 118 sì ni èyí táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ lónìí.

Idẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe idẹ àti bàbà ní ohun kan náà, àmọ́ bàbà àti síńkì tí wọ́n yọ́ pọ̀ ló ń di idẹ. Kò sí átọ́ọ̀mù kankan tó ń jẹ́ idẹ.

Ìdí nìyí tí ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba kan ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, fi máa ń yà mí lẹ́nu. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù rárá ni wọ́n sì fi rọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni! Àfi kí iná gbóná dé 1,085 lórí ìwọ̀n Celsius kí bàbà tó yọ́, tó bá sì yọ́ tán, kì í ṣàn dáadáa bíi ti idẹ. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì: ihò tóóró wà níbẹ̀, tí ẹni tó bá gbé e wọ̀ á fi ríran.

Iná yẹn sọ bàbà di ṣíṣàn bí omi, ó tún dì pa dà. Pírótọ́ọ̀nù 29 inú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ò dín, wọn ò lé. Iye kan náà ló wà nínú wáyà ọwọ́ mi yìí.