Ìbọn Pelebe Tí Kì Í Kọ̀: Kí Làwọn Ayìnbọn Ìdíje Ń Wò Kí Wọ́n Tó Yan Tiwọn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Láti Ìbàdàn la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìbọn pelebe la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, irú èyí tí wọ́n fi ń díje lókè òkun. Ẹni tó bá ti ń ronú pé apá ibo ni wọ́n ti ń tà á ní Dùgbẹ̀, kó fọkàn balẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn pelebe mọ́ èyí tí wọ́n fòfin dè, Ààrẹ nìkan ló sì lè fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ìmọ̀ la ń pín, a ò pín irin.

Bí ìbọn bá kọ̀ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, ẹran á sá lọ, ọdẹ á tún ìbọn kì. Ní pápá ìdíje, aago kì í dúró de ẹnikẹ́ni. IPSC, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ló ń darí irú ìdíje tí à ń sọ yìí: ayìnbọn á máa sáré láti ibì kan bọ́ síbòmíràn, á máa yìnbọn lu páálí. Bí ìbọn rẹ̀ bá kọ̀, ẹrù tirẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n fún un láti tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó parí síbẹ̀, kò sí pé "ẹ jẹ́ n tún un yìn". Ti Òlíńpíìkì rọ̀ díẹ̀: bí ẹ̀bi kì í bá ṣe ti ayìnbọn, òfin lè gbà kó tún yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìbọn kíkọ̀ ń jẹ. Máàkì ni wọ́n ń fi àkókò pín. Ká ní ìpele kan jẹ́ máàkì 120. Ayìnbọn kan gba 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20: 5.5 nìyẹn. Ẹnì kejì gba 110 bákan náà, àmọ́ ọta kan há, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 3 tú u: bí a bá fi 23 pín 110, ó jẹ́ 4.78. Bí ó bá jẹ́ 5.5 ló ga jù, olúwarẹ̀ gba 120 pé. Ẹnì kejì á gba ìpín tirẹ̀, 4.78 nínú 5.5, ìyẹn bíi 104. Ọta kan ṣoṣo ló kó máàkì 16 lọ.

Ìbọn wo wá ni kì í kọ̀? Ìbéèrè tí wọ́n fi ń jà láyé nìyẹn, orúkọ méjì ló sì sábà máa ń jáde: Glock 17 àti CZ Shadow 2.

Àwa ará Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká pe Glock ní Micra. Kò lẹ́wà, kò sí ìgbéraga lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, páàtì rẹ̀ sì pọ̀ níta. Austria ló ti wá, ní 1982. Bíi gíráàmù 625 ló wọ̀n láìsí ọta, nítorí pé ike ni ara rẹ̀. Ìfúyẹ́ yìí ni àléébù rẹ̀ lórí pápá: ìbọn tó fúyẹ́ máa ń ta padà sọ́wọ́ gan-an, ojú á sì pẹ́ kó tó padà sórí páálí. Shadow 2 jáde ní 2016 láti ilẹ̀ Czech, ìdílé CZ 75 ló ti wá. Irin gidi ni, ó lé ní gíráàmù 1,300, ìlọ́po méjì Glock. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fò sókè tó bá dún.

Òfin náà tún ti CZ lẹ́yìn. Ní ẹ̀ka Production, ti àwọn ìbọn tí ilé iṣẹ́ ń ṣe tà, ẹni tó ń díje lè yàn: kí agbára tí wọ́n fi ń fa tírígà fún ọta àkọ́kọ́ tó kílò 2.27, tàbí kí ti gbogbo ọta tó kílò 1.36. CZ a máa gbé èyí àkọ́kọ́, nítorí pé ìfà àkọ́kọ́ rẹ̀ gùn, ó sì wúwo, bí òòlù rẹ̀, irin tó ń gbá abẹ́rẹ́ ìbọn, bá ti wá dìde lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kù á fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí CZ àti Tanfoglio ti Ítálì, tó jọ ọ́ bí ìbejì, fi kún ẹ̀ka yìí bámúbámú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Ìbọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, kì í sábà kọ̀. Ọwọ́ olówó wọn ló ń kọ́ wọn ní kíkọ̀. Ayìnbọn fẹ́ kí tírígà fúyẹ́, ó sì lọ bọ́ sípíríǹgì. Sípíríǹgì òòlù CZ 75 àtilẹ̀wá sún mọ́ pọ́ùn 20. Ọ̀pọ̀ á sọ ọ́ di 13, olóríkunkun á lọ sí 11.5. Tírígà á dùn bí oyin. Àmọ́ òòlù ò wá lágbára mọ́ láti gbá abẹ́rẹ́ ìbọn wọnú primer, ìyẹn bọ́tìnnì kékeré tó wà ní ìdí ọta, níbi tí iná ti ń ṣẹ́. Ẹ ó kàn gbọ́ "kẹ́", ìbọn ò dún. Àtúnṣe rẹ̀ mẹ́ta ni: ẹ lo abẹ́rẹ́ tó gùn jù ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ lo primer ilé iṣẹ́ Federal tó rọ̀ (ti ilé iṣẹ́ CCI máa ń le), tàbí kí ẹ dá sípíríǹgì padà sípò. Ẹ̀kẹta ló dáa jù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́.

Glock ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á yọ sípíríǹgì slide, irin orí ìbọn tó ń sáré lọ sẹ́yìn tó sì ń padà, wọ́n á fi pọ́ùn 13 dípò bíi 17. Ó rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú Glock, bí ẹ bá ṣe ń fa tírígà, sípíríǹgì abẹ́rẹ́ ń bá ti slide fà á. Bí ti slide bá ti rọ̀ jù, slide á yọ díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, pàápàá bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ìbọn á sì kọ̀. Irú ọyẹ́ tó ń fi eruku bo gbogbo Ìbàdàn yìí, òun gan-an ló máa ń tú àṣírí sípíríǹgì tó rọ̀ jù.

Ọta náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. IPSC ń wọn agbára ọta: ìwọ̀n orí ọta ní girénì (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), ẹ fi eré rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Kò gbọdọ̀ dín sí 125. Ọta 124 girénì tó ń sáré 1,050 jẹ́ 130.2. Ọta 147 tó ń sáré 890 jẹ́ 130.8. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ 147 máa ń ti ọwọ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí 124 ń já fàì, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn 147 nìyẹn. Ẹni tó bá kó ẹ̀tù sínú ọta tó fi jẹ́ 125.5, kó lè rọ̀ gan-an, ń fi iná ṣeré. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ó lè wálẹ̀ sábẹ́ 125, ìdíje gbogbo á wá di òfo. Ọta aláìlágbára pẹ̀lú sípíríǹgì líle tún nìyí: slide ò ní padà sẹ́yìn tó, karawun ọta á wá dúró gbọnrangandan lẹ́nu àyè ìjáde bí èéfín tó ń yọ lórí orúlé. Ọta àti sípíríǹgì ni kí wọ́n bára wọn mu.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé àwọn ìbọn tí wọ́n ń pè ní 2011, ọmọ ìbọn 1911 tí John Browning ṣe. Tírígà wọn ò lẹ́gbẹ́, owó wọn náà ò lẹ́gbẹ́. Mágásíìnì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń to ọta sí, ló ń dà wọ́n láàmú jù: bí ètè mágásíìnì bá ṣí díẹ̀, ọta á yọ láìtó àkókò, á sì há. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa fi kálípà, irin ìwọ̀n, wọn ètè náà.

Bí a bá tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mágásíìnì, ìbáà jẹ́ Glock ìbáà jẹ́ CZ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi nọ́ńbà sára wọn, 1, 2, 3. Èyí tó bá há lẹ́ẹ̀mejì, kó di ti ìdánrawò. Bí ó bá bọ́ sínú iyanrìn, ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀, ẹ má da ọ́ìlì sí i: ọ́ìlì á gba eruku mọ́ra.

Bí ìbọn bá kọ̀ nínú eré, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbá ìdí mágásíìnì sókè, fa slide sẹ́yìn gan-an, kí wọ́n sì máa bá a lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe é: bí ìbọn bá dún "pọ̀" kékeré, tí kò ta padà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tù má sí nínú ọta yẹn, kí orí ọta sì ti há sínú ọ̀pá ìbọn. Ọta tó bá tẹ̀ lé e lè fọ́ ìbọn náà mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ kọjú ẹnu ìbọn síwájú, kí ẹ pe adájọ́.