Ohùn Ìsàlẹ̀ Lórí Fóònù: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Orin Jim Reeves Kan

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fojú inú wo ọkùnrin kan nílé ọtí, tó di fóònù mú. Orin ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń pè wà nílé, ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìtàn inú He'll Have to Go (“Ó Gbọ́dọ̀ Lọ”), orin Jim Reeves, olórin kántírì ará Amẹ́ríkà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Joe Allison àti Audrey ìyàwó rẹ̀ ló ṣẹ̀dá orin náà. Ohùn Audrey kì í sókè lórí fóònù, ọkọ rẹ̀ a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹnu sún mọ́ ọn dáadáa. Ibẹ̀ lorin ti yọ. Billy Brown ló kọ́kọ́ gbé e jáde, kò rìn jìnnà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Jim Reeves kọ tirẹ̀ ní Nashville. Chet Atkins ló darí iṣẹ́ náà, Floyd Cramer wà nídìí dùùrù. Ojú kejì àwo ni wọ́n tì í sí! Àwọn oníṣẹ́ rédíò ló yí àwo náà padà. Nígbà tó fi máa di 1960, ó jókòó sípò kìíní orin kántírì fún ọ̀sẹ̀ 14.

Ohùn yẹn gan-an ni mo wá sọ. Reeves, ọmọ Texas, kò fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn òkè ló fi kọ Mexican Joe ní 1953, bí ẹni tó fẹ́ kí èrò ẹ̀yìn gbọ́. Ìgbà tó kan Four Walls ní 1957 ló tó sún mọ́ máìkì, tó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń bẹ obìnrin pé kó sún mọ́ fóònù, òun náà ti fẹnu kan máìkì. Tó bá sì dé ọ̀rọ̀ ìparí, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, bíi korobá tí wọ́n ń sọ sínú kànga.

Obìnrin náà kò fèsì. Jeanne Black, akọrin obìnrin kan, fi orin mìíràn dá a lóhùn lọ́dún 1960 yẹn kan náà, pé ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ òun kò ní lọ. Ó tà, àmọ́ ní tèmi, ìdákẹ́jẹ́ tàkọ́kọ́ dùn jù ú lọ.

Ọkọ̀ òfuurufú tí Reeves fúnra rẹ̀ ń wà ló já ní tòsí Nashville lọ́jọ́ 31 oṣù Keje 1964; ẹni ogójì ọdún ni. Ní Nàìjíríà, ohùn rẹ̀ kò kúrò lórí rédíò. Ó ń pe ọ̀rọ̀ ketekete, ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ á máa bá a lọ. Ó tún kọ orin ìsìn, ìyẹn sì ti da ọ̀rọ̀ rú fún àwọn kan. Mo wà níbi òkú àgbà kan tí wọ́n ti gbé orin ilé ọtí yìí sí i. Màmá tó jókòó tì mí ń mi orí jẹ́jẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, irú orin Jésù báyìí kò sí mọ́.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”